Ààbò ọmọ nínú ọkọ̀: kí la lè fi han òbí lójú ẹsẹ̀, yàtọ̀ sí ká kàn sọ̀rọ̀?

Olùdarí_Ètò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. A ń múra ìlanilọ́yẹ̀ kan sílẹ̀ fún àwọn òbí àti awakọ̀ lórí ààbò ọmọdé nínú ọkọ̀. Ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n fún wa. Àga ọmọ méjì la máa gbé dání, ọkọ̀ kan á sì wà níta gbọ̀ngàn. Ìwé pélébé tí wọ́n sábà ń pín lórí ọ̀rọ̀ yìí ò ju "Ẹ máa lo àga ọmọ" lọ. Ẹni tó ti ra àga náà, àmọ́ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dè é ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n dunjú, ẹ bá wa kó o jọ síbí: kí ló yẹ kó ṣáájú, kí làwọn èèyàn máa ń ṣì ṣe, kí ló sì ń fà á?

Onímọ̀_Àga

Ẹ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ "mo ti gbé e sáyà" ná. Òbí tó bá ṣì gbà pé apá òun tó, ìyókù ọ̀rọ̀ yín ò ní wọ̀ ọ́ létí.

Ìṣirò rẹ̀ ò le. Ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí ń rin nǹkan bí mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá kọ lu ògiri, kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti dúró. Ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ àgbà ò tíì dúró ní tirẹ̀, eré mítà 14 yẹn ló ṣì ń bá lọ. Ohun tó bá máa dá a dúró láàárín ìwọ̀nba àkókò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fà á padà pẹ̀lú agbára tó tó ìlọ́po 20 sí 30 ìwúwo rẹ̀. Ọmọ kìlógíráàmù 10 á di ẹrù kìlógíráàmù 200 sí 300 mọ́ ẹni tó gbé e lọ́wọ́, ẹni náà fúnra rẹ̀ sì ń ta lọ síwájú lákòókò kan náà. Kò sí apá tó ká a.

Tí ìṣirò ò bá yé wọn, ẹ sọ pé eré yẹn kò yàtọ̀ sí eré tí ẹni tó já bọ́ láti òkè mítà 10 máa fi kanlẹ̀. Orí òrùlé ilé alájà mẹ́ta nìyẹn.

Ẹ fi èyí kún un: kí àgbà má ṣe fa bẹ́líìtì kan yí òun àti ọmọ tó gbé lẹ́sẹ̀ ká. Bí ọkọ̀ bá dúró lójijì, gbogbo ìwúwo àgbà ló máa tẹ ọmọ náà mọ́ bẹ́líìtì.

Olùkọ́_Awakọ̀

Ohun tí Onímọ̀ sọ yìí ti dá wàhálà sílẹ̀ nínú òfin pàápàá rí. Ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀ tó ṣòfin àga ọmọ. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1978, dókítà ọmọdé kan tó ń jẹ́ Robert Sanders ló sì dúró tì í gbágbáágbá. Àmọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, àwọn aṣòfin ti fi gbólóhùn kan há a láàárín pé àgbà lè gbé ọmọ sọ́wọ́ dípò àga. Sanders àtàwọn tó ń tì í lẹ́yìn bá gbólóhùn yẹn fà á títí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò. Nígbà tó máa fi di 1985, gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ti ní òfin tiwọn. Torí náà, bí òbí kan bá jiyàn lọ́jọ́ ètò yín, ẹ má bínú sí i. Àwọn aṣòfin ti jẹ irú iyàn bẹ́ẹ̀ rí.

Tí ẹ bá nílò iye kan láti kọ sára pátákó, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé lílo àga ọmọ lè dín ikú ọmọdé nínú ìjàǹbá ọkọ̀ kù ní ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹyọ kan ti tó. Bí iye bá ti pọ̀ jù lára pátákó, kò sẹ́ni tó ń kà á mọ́.

Nọ́ọ̀sì_Ọmọ

Ibi tí ojú ọmọ kọ sí ló kàn. Orí ọmọ tuntun tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ara rẹ̀. Ti àgbà ò ju bí ìdá kan nínú méje tàbí mẹ́jọ lọ. Ọrùn tó sì gbé orí ńlá yẹn ò tíì gbó: àwọn egungun ibẹ̀ ṣì wà ní ègé ègé, ó máa ń gbà wọ́n lọ́dún mélòó kan kí wọ́n tó so pọ̀.

Bí ọmọ bá kọjú síwájú tí ọkọ̀ sì kọ lu nǹkan, ọ̀já àga á di èjìká rẹ̀ mú, orí á máa lọ, ọrùn á sì gba gbogbo ìyà náà. Bó bá kọjú sẹ́yìn ọkọ̀, ẹ̀yìn, ọrùn àti orí rẹ̀ á jọ rì sínú àga lẹ́ẹ̀kan náà, agbára ọ̀hún á sì pín káàkiri. Bertil Aldman, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Sweden, ló kọ́kọ́ ṣe irú àga yìí lọ́dún 1964. Ìjókòó àwọn tó ń lọ sí òfurufú ló wò ṣe é, torí pé ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń gba agbára nígbà tí ọkọ̀ wọn bá gbéra.

Ìbéèrè tí gbogbo òbí máa bi yín ni "Ìgbà wo ni ká yí i síwájú?" Òfin R129 ti àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, UN, lórí àga ọmọ sọ pé ọmọ tí kò tíì pé oṣù 15 kò gbọ́dọ̀ kọjú síwájú. Ìyẹn kì í ṣe ọjọ́ tí a ń retí láti yí i o, ìgbà tí kò gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀ ni. Ní 2018, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà yọ ọjọ́ orí kúrò nínú ìmọ̀ràn tiwọn: kí ọmọ máa kọjú sẹ́yìn títí yóò fi kọjá ìwúwo tàbí gíga tí àga rẹ̀ lè gbà. Ọ̀pọ̀ àga máa ń gba ọmọ bẹ́ẹ̀ kọjá ọdún méjì dáadáa.

ÌyáÌbejì

Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ohun tí àwọn ìyá máa ń sọ ni pé ẹsẹ̀ ọmọ ti kan ìfẹ̀yìntì, ó ti ká kò, ó máa kán.

Nọ́ọ̀sì_Ọmọ

Ẹsẹ̀ tó ká kò kì í ṣe ewu, ìyá. Ọmọdé á ká ẹsẹ̀ lábẹ́ ara tàbí kó gbé e kọ́ etí àga, kò ní í lára. Àwọn tó kọjú síwájú gan-an ni ẹsẹ̀ wọn sábà ń ṣèṣe, torí pé ó máa ń fò lọ lu ẹ̀yìn ìjókòó iwájú. Orí ni kí ẹ máa wò. Nínú ọ̀pọ̀ àga tó kọjú sẹ́yìn, téńté orí ọmọ gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 2.5 rẹlẹ̀ sí etí òkè àga. Bó bá ti dé etí, ó ti kọjá àga náà, kódà bí ìwúwo rẹ̀ ò bá tíì tó.

Mẹ́káníìkì_Iná

Kí n tètè sọ èyí kó má bàa sọnù: àga tó kọjú sẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ wà níwájú airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde nígbà ìkọlù) tó ń ṣiṣẹ́ láéláé. Airbag máa ń tú jáde pẹ̀lú eré tó ju kìlómítà 200 lọ ní wákàtí, ẹ̀yìn àga yẹn ló sì máa gbá, níbi tí orí ọmọ fara tì gan-an. Kò dìgbà tí ọkọ̀ bá run wómúwómú kó tó ṣẹlẹ̀. Ìkọlù kékeré tó tú airbag ti tó.

Àwọn ọkọ̀ kan ní ihò kọ́kọ́rọ́ létí dáṣíbọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń pa airbag èrò iwájú, iná kan á sì tàn láti fi hàn pé ó ti kú. Bí ọkọ̀ yín ò bá ní i, ọmọ ò ní nǹkan ṣe níbẹ̀. Yíyọ fíúsì kì í ṣe ọ̀nà àbáyọ, ẹ ò mọ ohun mìíràn tí ẹ pa mọ́ ọn. Ìjókòó ẹ̀yìn ni ti ọmọ títí yóò fi pé ọdún 13.

Onímọ̀_Àga

Ó dáa. Ó wá kan dídè, ibí sì ni àkókò yín tó pọ̀ jù lọ yẹ kó lọ.

Ìwé ìlànà méjì lẹ máa ṣí: ti àga àti ti ọkọ̀. Ti àga á sọ ojú ọ̀nà tí bẹ́líìtì máa gbà. Lára ọ̀pọ̀ àga, àmì aláwọ̀ búlúù ni ọ̀nà bẹ́líìtì fún ọmọ tó kọjú sẹ́yìn, àmì pupa sì ni fún èyí tó kọjú síwájú. Àga tó ń ṣe méjèèjì ní ojú ọ̀nà méjì, ẹni tó bá sì gba ti pupa fún ọmọ tó kọjú sẹ́yìn ti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́, bó ti wù kó fà á le tó.

Ẹ kì bẹ́líìtì gba ojú ọ̀nà rẹ̀, kó má lọ́ pọ̀ níbì kankan, kí ẹ fi bọ ojú ìdè títí yóò fi dún. Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ kan tẹ àga mọ́lẹ̀ níbi tí bẹ́líìtì gbà gan-an, kí ẹ fi ọwọ́ kejì fa apá èjìká bẹ́líìtì títí kò fi ní sí ibi tó dẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi orúnkún gun àga, ẹ rọra. Àwọn tó ṣe àga kan sọ pé kí wọ́n má ṣe é, torí pé bẹ́líìtì á le jù, àga á sì wọ́.

Àyẹ̀wò rẹ̀ rèé: ẹ fi ọwọ́ tí ẹ kì í sábà fi ṣiṣẹ́ di àga mú níbi tí bẹ́líìtì gbà á kọjá, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì, síwájú sẹ́yìn. Kò gbọ́dọ̀ rìn ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á di orí àga mú. Orí àga tó kọjú sẹ́yìn máa mì, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Òbí á wá máa fa bẹ́líìtì nífàkufà nítorí ohun tí kò bàjẹ́.

Bó bá ń rìn kọjá ìwọ̀n, ohun mẹ́ta ló sábà ń fà á. Ọ̀kan ni pé bẹ́líìtì ò tì. Bẹ́líìtì ẹ̀yìn nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà lè ti ara rẹ̀: ẹ fà á jáde pátá dé òpin, ẹ jẹ́ kó máa padà, ẹ óò gbọ́ bó ṣe ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, látìgbà yẹn kò ní jáde mọ́, àfi tó bá wọlé tán. Ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ míì kì í le àfi tí ọkọ̀ bá dúró lójijì. Fún ìyẹn, ẹ wá ẹnu tí wọ́n fi ń há bẹ́líìtì lára àga fúnra rẹ̀, tó sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà bẹ́líìtì. Èkejì ni pé ojú ìdè gùn jù, ó jókòó sórí etí àga dípò kó fara pamọ́ sísàlẹ̀. Ibẹ̀ ò lè le láé, ẹ gbé àga sí ìjókòó mìíràn. Ẹ̀kẹta ni tìmùtìmù tàbí aṣọ nínípọn tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ àga kí ìjókòó ọkọ̀ má bàa dọ̀tí. Tí ọkọ̀ bá kọ lu nǹkan, nǹkan rírọ̀ yẹn á tẹ̀ pẹlẹbẹ, gbogbo ìwọ̀n tó fi nípọn á sì di àyè tí bẹ́líìtì fi dẹ̀.

Ẹni tó bá ń béèrè bóyá àárín ló sàn jù tàbí ẹ̀gbẹ́: ibi tí àga ti le jù lọ ni. Àárín jìnnà sí ìlẹ̀kùn lóòótọ́, àmọ́ àga tó ń mì ní àárín ò dára tó èyí tó dúró gbọn-in lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mẹ́káníìkì_Iná

Lórí ISOFIX, ohun tí wọ́n fi ń de àga mọ́ ọkọ̀ láìlo bẹ́líìtì: ọ̀pá irin kékeré méjì ni, mílímítà 6 ní fífẹ̀, tí wọ́n wà ní sẹ̀ǹtímítà 28 síra wọn nínú kọ̀rọ̀ tí ìfẹ̀yìntì àti ìjókòó ti pàdé. Ẹ ti ọwọ́ bọ ibẹ̀, ẹ óò kàn wọ́n. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà lẹ́yìn oṣù kẹsàn-án 2002 gbọ́dọ̀ ní irú rẹ̀. Bí ẹnu àga bá ti gbé e dáadáa, àmì tó wà lára àga á di àwọ̀ ewé. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ọ̀kan lè gbé e kí ìkejì máà gbé e.

Ìwúwo ní òpin. Lábẹ́ R129, àga àti ọmọ pọ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá kìlógíráàmù 33 lórí ISOFIX. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi kìlógíráàmù 29.5 ni. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, bẹ́líìtì lẹ máa padà sí.

Okùn òkè ni òbí máa ń gbàgbé jù. Àga tó kọjú síwájú ní okùn kan lókè ẹ̀yìn rẹ̀ tó ní ìkọ́ lẹ́nu, wọ́n sì sábà máa ń ká a jọ sẹ́yìn àga bí ohun tí kò wúlò. Okùn yẹn lè dín bí orí ọmọ ṣe ń lọ síwájú kù ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, ìyẹn sì lè tó láti má ṣe jẹ́ kí orí ọmọ lu ẹ̀yìn ìjókòó iwájú. Ẹ gbé e kọ́ ibi tí wọ́n ṣe fún un. Ẹ má gbé e kọ́ irin tí wọ́n fi ń de ẹrù nínú búùtù; ẹrù ni wọ́n fi dán irin yẹn wò.

Bí àga bá ní ẹsẹ̀ tó dúró sílẹ̀ ọkọ̀, ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kan ní àpótí ìkẹ́rùsí lábẹ́ ilẹ̀, ìdérí rẹ̀ ò sì lè gba agbára ẹsẹ̀ àga.

Awakọ̀_Àgbà

Tí wọ́n bá fi ISOFIX àti bẹ́líìtì dè é pa pọ̀ ńkọ́? Ṣé kò ní le sí i?

Onímọ̀_Àga

Rárá o, ẹ̀gbọ́n, àfi bí ìwé àga yẹn bá sọ ọ́ ní tààràtà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n dán wò, kì í ṣe méjèèjì pọ̀. Ọ̀kan péré, kó sì le dáadáa.

Nọ́ọ̀sì_Ọmọ

Àga ti dúró, ó kan ọmọ fúnra rẹ̀. Ìdajì iṣẹ́ yòókù nìyí, ojoojúmọ́ la sì ń ṣe é.

Ihò tí ọ̀já èjìká ti jáde: bí ọmọ bá kọjú sẹ́yìn, ó gbọ́dọ̀ bá èjìká dọ́gba tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i, torí pé nígbà ìkọlù, ara rẹ̀ máa ń yọ̀ gòkè lára àga, ọ̀já ló sì máa dá a padà. Bó bá kọjú síwájú, kí ọ̀já bá èjìká dọ́gba tàbí kó ga díẹ̀ sí i. Tó bá rẹlẹ̀, á fa èjìká wálẹ̀, á sì tẹ egungun ẹ̀yìn mọ́lẹ̀.

Bó ṣe le tó: ẹ fi àtàńpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e gbìyànjú láti fún ọ̀já pọ̀ ní òró lórí egungun tó wà lókè àyà. Bí ẹ bá rí i fún pọ̀, ó ṣì dẹ̀, ẹ fà á sí i. Bí ìka bá ń yọ̀ kúrò lórí rẹ̀, ó ti tó. Ẹ kọ́kọ́ fa ibi itan kó le, kí ẹ tó fa okùn tó wà níwájú. Òbí tó bá fa òkè nìkan, ìdẹ̀ náà á fara pamọ́ sí ìdí ọmọ. Bí àga bá ní ìdè àyà, kó wà ní ìbádọ́gba abíyá. Àga tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Yúróòpù kì í sábà ní i, kò túmọ̀ sí pé nǹkan sọnù lára rẹ̀.

Aṣọ nínípọn ni ọ̀tá ọ̀já. Ẹ fi èyí hàn wọ́n níwájú gbogbo ènìyàn: ẹ wọ kóòtù nínípọn fún ọmọlangidi, ẹ fa ọ̀já kó le. Ẹ ṣí ìdè láìdẹ ọ̀já, ẹ bọ́ kóòtù náà, ẹ dá ọmọlangidi padà, kí ẹ tún dè é. Ẹ óò rí àyè tí ọwọ́ máa wọ̀. Kóòtù ló mú kó dà bíi pé ọ̀já ti le. Ẹ di ọ̀já ná, kí ẹ tó fi aṣọ bo ọmọ lókè rẹ̀. Tìmùtìmù orí, ìbòrí ọ̀já, ohun tí wọ́n fi ń de orí mọ́ àga, gbogbo ohun tí kò bá àga wá nínú páálí, ẹ yọ ọ́.

Ọmọ tuntun: àga ní àmì tó ń sọ bó ṣe yẹ kó tẹ̀ sẹ́yìn tó, kì í sì í kọjá ìwọ̀n dígírì 45. Bó bá dúró ṣánṣán jù, àgbọ̀n á wó lé àyà, ọ̀nà èémí á sì dí láìsí ariwo kankan. Ẹ lè ká aṣọ kékeré méjì sí ẹ̀gbẹ́ orí ọmọ, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀. Fún ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù, ilé ìwòsàn míì máa ń gbé e sínú àga rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 90 sí 120, wọ́n á máa wo èémí àti ìlù ọkàn rẹ̀, kó tó lọ sílé. Ẹ béèrè fún un.

Ẹ sì sọ fún wọn pé ibùsùn kọ́ ni àga ọkọ̀. Bí ìrìn bá gùn, ẹ gbé ọmọ jáde ní wákàtí méjì méjì. Bí ẹ bá délé tó ṣì ń sùn, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Ọ̀já tí wọ́n tú sílẹ̀ lábọ̀ tí ọmọ sì ń sùn sínú rẹ̀ lè fún un lọ́rùn.

Awakọ̀_Àgbà

Ọmọ méjì ò gbọ́dọ̀ wọ bẹ́líìtì kan. Ìgò omi, ẹ̀rọ, irinṣẹ́, ohunkóhun tó bá wà lórí pẹpẹ ẹ̀yìn, búùtù ni ilé rẹ̀, torí á fò. Títì ilẹ̀kùn ọmọdé náà ò gbọ́dọ̀ ṣí. Èmi ò ní ju ìyẹn lọ.

Olùkọ́_Awakọ̀

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ búsítà, ìjókòó tó ń gbé ọmọ sókè kó lè lo bẹ́líìtì ọkọ̀, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kánjú jù. Wọ́n rí i pé ọmọ ti dàgbà, wọ́n bá kó àga dànù.

Bẹ́líìtì ọkọ̀, ara àgbà ni wọ́n wò ṣe é. Egungun ìbàdí ọmọdé ò tíì yọ jáde tó ohun tí bẹ́líìtì máa dì mọ́, nítorí náà bẹ́líìtì á gòkè lọ sórí ikùn rírọ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró lójijì, ìfun àti egungun ẹ̀yìn ló máa jìyà. Búsítà ò ṣe nǹkan méjì ju pé ó gbé ọmọ sókè kí bẹ́líìtì lè gba orí itan àti àárín èjìká.

Ọmọ tó ti kọjá ọ̀já àga rẹ̀, tó tó ọdún mẹ́rin àti kìlógíráàmù 18 ó kéré tán, tó sì lè jókòó ṣánṣán láìyọ̀ sílẹ̀ bó bá sùn, ló tó gun búsítà. Lábẹ́ R129, èyí tí kò ní ẹ̀yìn di ti ọmọ tó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 125. Búsítà ò sì bá bẹ́líìtì tó gba ìbàdí nìkan ṣe rárá. Bí ìjókòó àárín ọkọ̀ yín bá jẹ́ irú ẹ̀, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́.

Kí ọmọ tó fi búsítà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó jókòó lórí ìjókòó ọkọ̀ lásán kí ẹ wò ó. Ẹ̀yìn rẹ̀ kan ìfẹ̀yìntì? Orúnkún rẹ̀ ká létí ìjókòó? Bẹ́líìtì ìsàlẹ̀ wà lórí itan, kì í ṣe ikùn? Ti òkè gba àárín èjìká, kò há ọrùn? Ó lè jókòó bẹ́ẹ̀ títí dé ibi tí ẹ ń lọ? Rárá kan ṣoṣo, ó di búsítà padà. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í yege àyẹ̀wò yìí títí wọ́n fi ga tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 145. Ọmọ tó bá ní bẹ́líìtì ń ha òun lọ́rùn, tó wá fi í sábẹ́ abíyá tàbí sẹ́yìn, ó ti sọ fún yín fúnra rẹ̀ pé òun ò tíì tó o.

ÌyáÌbejì

Àlòkù ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bọ́ sí.

Onímọ̀_Àga

Bí ẹ bá mọ ẹni tó lò ó, tí ẹ sì gbà á gbọ́ pé kò bá ọkọ̀ jàǹbá rí, ó ṣeé gbà. Ẹ dojú àga dé. Wọ́n tẹ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tó máa kú náà sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Ọdún 6 sí 10 ni ẹ̀mí ọ̀pọ̀ wọn, nítorí pé oòrùn inú ọkọ̀ ń gbó ike. Bí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, bí ọ̀já bá ti ya tàbí tí ike ti sán, tàbí tí ẹ kò rí ìwé ìlànà gbà látọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é, ẹ má gbà á.

Àmì: lára àga tó bá òfin UN mu, lẹ́tà E wà nínú róbótó pẹ̀lú nọ́ńbà orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i. 1 ni Jámánì, 4 ni Netherlands, 11 ni Bírítéènì. R44, òfin UN ti tẹ́lẹ̀, tí àwọ̀ ọsàn sábà máa ń jẹ́ ti àmì rẹ̀, fi ìwúwo pín ọmọ. R129, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, fi gíga pín wọn, ó sì fi ìkọlù ẹ̀gbẹ́ kún àyẹ̀wò. Láti oṣù kẹsàn-án 2024 ni wọn ò ti gbọ́dọ̀ ta R44 tuntun mọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, àmọ́ ẹni tó ti ní i ṣì lè lò ó. Ti Amẹ́ríkà kò ní lẹ́tà E. Gbólóhùn pé ó bá òfin ọkọ̀ ìjọba àpapọ̀ mu ló máa wà lára rẹ̀. Aṣọ lásán tó ní okùn, tí kò ní ike líle lẹ́yìn, tí wọ́n ń so mọ́ ìgbórílé ìjókòó: ẹ má fi ọmọ sínú rẹ̀, ẹ̀tàn ni.

Nọ́ọ̀sì_Ọmọ

Ẹ rántí ooru pẹ̀lú. Ọkọ̀ tí wọ́n tì sínú oòrùn lè fi nǹkan bíi dígírì 11 gbóná sí i láàárín ìṣẹ́jú 10. Ṣíṣí fèrèsé díẹ̀ ò dín in kù dé ibì kan. Ara ọmọdé sì ń gbóná ní ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún ti àgbà. Kì í ṣe aláìbìkítà nìkan ló ń gbàgbé ọmọ. Ọmọ sùn, ọ̀nà yàtọ̀ sí ti ojoojúmọ́, ọpọlọ àgbà ti lọ síbi iṣẹ́. Ohun tí ẹ ò lè ṣe láìsí i, bíi fóònù, kí ó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ọmọ. Kí ọkọ̀ tó dúró nílé wà ní títì, torí ọmọ tó ń ṣeré lè wọlé kó máà lè jáde.

Olùdarí_Ètò

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti rí i pé ìṣẹ́jú 45 ò lè gba gbogbo èyí. Kí la máa yọ?

Onímọ̀_Àga

Ẹ yọ òfin, ẹ yọ àmì, ẹ kọ wọ́n sínú ìwé. Ìṣẹ́jú 5 fún ìṣirò apá. 10 fún ojú tó kọ sẹ́yìn àti airbag. 20 lẹ́bàá ọkọ̀: kí òbí mẹ́ta tàbí mẹ́rin fúnra wọn de àga, kí wọ́n mì í níbi tí bẹ́líìtì gbà, kí wọ́n tún tú u. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn tí wọ́n bá ń ṣì í. Ẹ máa sọ ọ́ lẹ́nu, ọwọ́ wọn ni kó mọ̀ ọ́n. Ọmọlangidi tó wúwo tó kìlógíráàmù 3 sí 4 ni kí ẹ lò, èyí tó fúyẹ́ kì í fi ìdẹ̀ ọ̀já hàn. 10 yòókù fún kóòtù àti ìbéèrè.

Awakọ̀_Àgbà

Ẹnì kan máa béèrè bóyá àga tó ti wà nínú ìjàǹbá ṣì ṣeé lò.

Mẹ́káníìkì_Iná

Ìlànà àjọ ààbò òpópónà Amẹ́ríkà, NHTSA, ni pé a lè máa lò ó kìkì tí ọkọ̀ bá ṣeé wà kúrò níbẹ̀, tí ilẹ̀kùn tó sún mọ́ àga ò bàjẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò fara pa, tí airbag ò tú, tí àga náà ò sì ní àléébù tó hàn. Gbogbo márùn-ún gbọ́dọ̀ pé. Àwọn tó ń ṣe àga kan tiẹ̀ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìkọlù yòówù, ẹ wo ìwé tirẹ̀. Èyí tó bá ti kú, ẹ gé ọ̀já rẹ̀ pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì, ẹ fi kálámù ńlá kọ "Ó ti jàǹbá" sára ike rẹ̀ kí ẹ tó gbé e síta, kí ẹlòmíì má bàa ṣà á lọ.